Paul Muni, Òṣèré Tó Fi Ojú Ara Rẹ̀ Pamọ́

Nígbà tí Scarface tí Al Pacino ṣe jáde ní ìparí ọdún 1983, kò sí ibi téèyàn yà sí ní Chicago tí kò ní í gbọ́ orúkọ fíìmù náà. Àwa ọmọ Yorùbá tá à ń kàwé lọ́sàn-án, tá à ń ṣiṣẹ́ lóru ní ìlú náà kò gbẹ́yìn. Bá a bá ti pàdé níbi ìkómọ tàbí níbi ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ Pacino la máa kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan, Júù, ń gbé nísàlẹ̀ ilé tí mo gba yàrá sí. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbọ́ tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń fa ọ̀rọ̀ fíìmù náà lórí àtẹ̀gùn, wọ́n sì dá wa dúró. Wọ́n ní Scarface ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí Pacino, pé ọdún 1932 ni ti àkọ́kọ́ jáde. Wọ́n ní ẹni tó ṣe é nígbà náà kì í ṣe ọmọ Ítálì, wọn ò sì bí i sí Amẹ́ríkà. Pé èdè Yiddish, èdè tí ìyá tiwọn náà fi tọ́ wọn dàgbà, ló fi bẹ̀rẹ̀ eré. Àti pé Chicago níbẹ̀ gan-an ló ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀. Paul Muni ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. N kò gbọ́ ọ rí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nínú gbogbo àwọn tí mo bi léèrè lẹ́yìn náà, àtọmọ onílùú àtàlejò, agbára káká ni mo fi rí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin yìí gba Oscar, ẹ̀bùn àwọn oníṣẹ́ fíìmù, ó gba Tony, ẹ̀bùn eré ìtàgé. Ilé iṣẹ́ Warner Bros. a máa kọ "Mr." sí iwájú orúkọ rẹ̀ tí wọ́n bá ń polówó fíìmù rẹ̀, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń pe àgbà. Kò tíì pé ogún ọdún tó kú, ìran tó tẹ̀ lé e ti gbàgbé rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá iṣẹ́ rẹ̀ kiri, mo sì gbà títí dòní pé ohun tó sọ ọ́ di òṣèré ńlá gan-an ló jẹ́ kí wọ́n tètè gbàgbé rẹ̀.

Ìlú Lemberg ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1895. Abẹ́ ìjọba Austria-Hungary ni ìlú náà wà nígbà yẹn; Lviv ló ń jẹ́ lónìí, ní ilẹ̀ Ukraine. Meshilem Meier Weisenfreund ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Òṣèré ni bàbá rẹ̀, òṣèré ni ìyá rẹ̀. Láti ìlú kan sí ìkejì ni wọ́n ń gbé eré kiri, níbikíbi tí Júù bá pọ̀ sí.

Ẹni tó bá mọ bí ẹgbẹ́ eré alárìnjó ṣe rí nílẹ̀ wa láyé Hubert Ogunde, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládiípọ̀ kò ní í nílò àlàyé púpọ̀ nípa irú ilé tí wọ́n bí Muni sí. Baálé ni ọ̀gá ẹgbẹ́, ìyàwó ni olórí òṣèrébìnrin, ọmọ tó bá sì ti lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di ara iṣẹ́ nìyẹn. Eré Yiddish kò tilẹ̀ tíì pẹ́ nílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Abraham Goldfaden ló dá ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tó fi eré náà ṣe iṣẹ́ òòjọ́ sílẹ̀, ní ìlú Iași ní Romania, lọ́dún 1876. Lọ́dún 1883 ìjọba Rọ́ṣíà fòfin de eré Yiddish, ni àwọn òṣèré bá tú ká: àwọn kan gba London lọ, àwọn kan gba New York. Nígbà tí ìdílé Weisenfreund fi máa wọkọ̀ ojú omi wá sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1902, ọ̀nà ti là fún wọn.

Nígbà tó yá, wọ́n tẹ̀dó sí Chicago, wọ́n sì ní tíátà kékeré tiwọn ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú, láàárín àwọn Júù tó ti Ìlà-Oòrùn Yúróòpù dé. Fáyólínì ni bàbá rẹ̀ fẹ́ kó máa ta. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń sùn, tó ń jí lẹ́yìn ìtàgé, ta ló lè gba eré lọ́wọ́ rẹ̀? Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tó kọ́kọ́ ṣe ipa bàbá arúgbó, ẹni 80 ọdún. Láti ọjọ́ náà lọ, ipa àgbàlagbà ni wọ́n ń fún un ṣáá. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lẹ irùngbọ̀n, bí wọ́n ṣe ń fa ìlà sójú kí awọ ara lè dà bíi ti ẹni tí ayé ti lò gbó, bí èjìká arúgbó ṣe máa ń ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ibi tó ń lọ. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́ ọ ní gbogbo èyí. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ àgbàlagbà kó tó di àgbàlagbà fúnra rẹ̀.

Maurice Schwartz dá Yiddish Art Theatre sílẹ̀ ní New York lọ́dún 1918, Muni sì di ọ̀kan nínú àwọn òṣèré rẹ̀ láìpẹ́ sí ìgbà náà. Bàbá ìsàlẹ̀ ilé wa ti ń wo eré ní Second Avenue, òpópónà àwọn tíátà Yiddish, ní àwọn ọdún yẹn, nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ aṣọ rírán ní New York. Bí wọ́n bá ń ròyìn rẹ̀, wọ́n á dìde lórí àga. Wọ́n ní àwọn èèyàn a máa gbé oúnjẹ wá láti ilé, wọ́n á máa dá òṣèré lóhùn láti ìjókòó, wọ́n á gbé ọ̀dàlẹ̀ inú eré ṣépè, wọ́n á sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni bí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú kan náà àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe máa ń ra gbogbo ìjókòó alẹ́ ọjọ́ kan pátá, wọ́n á tà á fún ọmọ ẹgbẹ́, èrè rẹ̀ á sì wọ àpò ẹgbẹ́. Owó ìsìnkú, owó ìtọ́jú aláìsàn, owó ìrànwọ́ fún àwọn ará ilé lókè òkun, ibẹ̀ ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ìlú ló ni eré náà. Ẹni tó bá dúró níwájú irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, tí kò sì tan wọ́n jẹ, kò sí ìtàgé tó lè dẹ́rù bà á mọ́.

Níbẹ̀ náà ló ti rí Bella Finkel, tí òun náà jẹ́ òṣèré, ọmọ àbúrò gbajúgbajà òṣèré Boris Thomashefsky. Wọ́n ṣègbéyàwó lọ́dún 1921. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé orúkọ obìnrin yìí.

Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1924 láti dín àwọn tó ń ṣí wọ̀lú kù fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀kùn pa mọ́ àwọn Júù Ìlà-Oòrùn Yúróòpù. Àwọn tó gbọ́ Yiddish kò wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ tí wọ́n sì bí síbẹ̀ ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá òbí wọn lóhùn. N kò lè kà nípa èyí kí ó má kan egungun mi, nítorí mo ti rí i nílé àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Chicago: bàbá ń fi Yorùbá béèrè ọ̀rọ̀, ọmọ ń fi Gẹ̀ẹ́sì fèsì, bàbá sì ń rẹ́rìn-ín. Lọ́dún 1926 ni Muni kọ́kọ́ ṣe eré lédè Gẹ̀ẹ́sì, ní Broadway, nínú We Americans. Ó ti lé lẹ́ni 30 ọdún. Ipa bàbá Júù arúgbó ni wọ́n tún fún un.

Hollywood kò pẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Fox mú un lọ́dún 1929, wọ́n sì sọ orúkọ rẹ̀ di Paul Muni. Fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, The Valiant, mú kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún Oscar. Nínú ìkejì, Seven Faces, èèyàn méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe. Fíìmù yẹn ti sọnù, kò sẹ́ni tó tún lè rí i mọ́. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn bí wọ́n ṣe ń lò ó, ó bá padà sí Broadway. Ní 1931, nínú Counsellor-at-Law tí Elmer Rice kọ, ó ṣe lọ́yà kan tó ti inú òṣì di ọlọ́lá, ìlú New York sì gba tiẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Scarface dé. Howard Hughes ló náwó sí i, Howard Hawks ló darí rẹ̀, Ben Hecht, tó ti ṣiṣẹ́ ìròyìn ní Chicago, ló kọ ọ́. Gbogbo ayé mọ̀ pé Al Capone, ọ̀gá ọ̀daràn Chicago, ni wọ́n ń wò kọ ọ́. Àwọn tó ń yẹ fíìmù wò kí ó tó jáde fà á sẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n ní ó ń gbé ọ̀daràn ga, wọ́n sì fipá mú kí wọ́n ṣe ìparí mìíràn fún un. Ẹni tó bá wo Muni nínú rẹ̀ á rí i pé kò gbé ọ̀daràn ga rárá. Ó ṣe é bí ọmọdé tí wọ́n fún ní ìbọn: ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ra ẹ̀wù, ó ń yọ̀ mọ́ ohun ìjà bí ẹni tó rí ohun ìṣeré, ìwà ibi rẹ̀ sì ń dẹ́rù bani nítorí pé kò tilẹ̀ mọ̀ pé ibi ni. Edward G. Robinson, tí òun náà jẹ́ Júù tí wọ́n bí ní Bucharest, ló ti ṣe ọ̀gá ọ̀daràn nínú Little Caesar lọ́dún 1931. Nínú àwọn tó kọ́ Amẹ́ríkà bí ọ̀daràn rẹ̀ ṣe ń rìn àti bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ọmọ àlejò méjì láti Ìlà-Oòrùn Yúróòpù ló wà níwájú.

Ọdún 1932 kan náà ni I Am a Fugitive from a Chain Gang jáde, èyí tí Mervyn LeRoy darí fún Warner Bros. Bí gbogbo iṣẹ́ Muni yòókù bá jóná, tí èyí nìkan ṣẹ́ kù, ó tó. Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ni. Robert Elliott Burns ti jagun Àgbáyé Kìíní bọ̀, kò ríṣẹ́, ó sì lọ́wọ́ nínú olè kan ní ìpínlẹ̀ Georgia lọ́dún 1922. Gbogbo owó tí òun àti àwọn tó tẹ̀ lé rí jí kò ju dọ́là 5 àti sẹ́ńtì 80 lọ. Ọdún 6 sí 10 ni adájọ́ fún un, pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ẹsẹ̀ wọn, tí wọ́n ń fi òòlù fọ́ òkúta láti àárọ̀ dalẹ́, tí wọ́n sì ń nà bí ẹran. Ó sá lọ sí Chicago, ó di olóòtú ìwé ìròyìn, ó di èèyàn pàtàkì láwùjọ. Nígbà tí àṣírí tú lọ́dún 1929, wọ́n ṣèlérí fún un pé bó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà, kò ní í pẹ́ tí wọ́n á fi tú u sílẹ̀. Ó padà. Wọ́n yẹ àdéhùn. Ní 1930 ó tún sá, ó sì kọ ìwé tí wọ́n gbé fíìmù náà kà.

Muni jókòó ti Burns, tó yọ́ wá sí ilé iṣẹ́ fíìmù náà ní California nígbà tí ọlọ́pàá Georgia ṣì ń wá a. Kò wò ó kó lè máa sín in jẹ. Ohun tó ń wá ni bí ẹ̀rù ṣe ń gbé inú ara ẹni tí wọ́n ti so lẹ́sẹ̀ rí, bó ṣe ń jókòó, bó ṣe ń wo ilẹ̀kùn.

Òru ọjọ́ òtútù kan ni mo rí fíìmù náà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé ti sùn. Nígbà tó fi máa parí, ó ti jí, ó dìde jókòó, kò sì sọ̀rọ̀. Ní òpin rẹ̀, ọkùnrin tí Muni ṣe yọ sí obìnrin tó fẹ́ràn nínú òkùnkùn láti dágbére fún un. Obìnrin náà bi í pé báwo ló ṣe ń rí oúnjẹ òòjọ́. Ńṣe ni ọkùnrin náà ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí òkùnkùn fi bo ojú rẹ̀, inú òkùnkùn yẹn ló sì ti dáhùn pé olè lòun ń jà. Fíìmù parí síbẹ̀. Wọn ò mú ọ̀daràn, ìdájọ́ òdodo kò lékè, kò sẹ́ni tó tu ẹnikẹ́ni nínú. N kò rí òṣèré mìíràn tó fi gbólóhùn kúkúrú bẹ́ẹ̀ dá gbogbo orílẹ̀-èdè kan lẹ́jọ́.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí kò yé dùn mí. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n adúláwọ̀ ló kún inú irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ jù ní gúúsù Amẹ́ríkà, fíìmù náà sì fi wọ́n hàn lọ́tọ̀, bí wọ́n ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ lójú ayé. Ẹlẹ́wọ̀n adúláwọ̀ kan ni ó fi òòlù lu ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ẹsẹ̀ ọkùnrin náà títí ó fi wọ́, kí ẹsẹ̀ lè yọ jáde níbẹ̀. Ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu fún un. A kò tún gbúròó rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn náà. Èmi ń fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i.

Fíìmù náà ta púpọ̀, ariwo sì sọ. Wọn ò dárúkọ Georgia nínú rẹ̀, síbẹ̀ àwọn ọ̀gá ẹ̀wọ̀n Georgia pe Warner lẹ́jọ́. Ọlọ́pàá mú Burns ní New Jersey ní ìparí ọdún 1932, gómìnà ibẹ̀ sì kọ̀ láti fà á lé Georgia lọ́wọ́. Ọdún 1945 ni gómìnà Georgia, Ellis Arnall, tó wọ́gi lé àṣà ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà, fòpin sí ìjìyà Burns. Eré ìtàgé àti fíìmù kì í sábà tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Eléyìí ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Warner wá fún Muni ní ohun tí òṣèré díẹ̀ ní nígbà náà: ẹ̀tọ́ láti kọ ìwé eré tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ń lò ó. Bó bá gba iṣẹ́, á ka gbogbo ìwé tó bá rí nípa ẹni tó fẹ́ ṣe, á ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, á máa gbọ́ ọ títí ohùn náà kò fi ní í jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń ya fíìmù, Bella á dúró sẹ́yìn kámẹ́rà. Bí wọ́n bá parí ìran kan, ojú Bella ni Muni máa kọ́kọ́ wò. Bí Bella bá mi orí, wọ́n á tún un yà, olùdarí ì báà ti fọwọ́ sí i. Inú ń bí àwọn olùdarí sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó dàgbà sínú ẹgbẹ́ eré ìdílé mọ̀ pé ojú tó mọ̀ ọ́ láti ilé ni ojú tí kò ní í tàn ọ́.

Lọ́dún 1936 ó ṣe The Story of Louis Pasteur. Ọkàn Jack Warner kò balẹ̀ rárá: ta ló fẹ́ sanwó wo onímọ̀ sáyẹ́ǹsì onírùngbọ̀n? Owó kékeré ni wọ́n yọ̀ǹda. William Dieterle, ọmọ Jámánì, ló darí rẹ̀. Muni gba Oscar lórí rẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni The Good Earth jáde, níbi tó ti ṣe Wang Lung, àgbẹ̀ ọmọ Ṣáínà, tí Luise Rainer, ọmọ Jámánì, sì ṣe ìyàwó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn yìn ín. Èmi kò lè yìn ín. Anna May Wong wà ní Hollywood nígbà náà, òṣèrébìnrin ńlá, Los Angeles ni wọ́n bí i sí, àwọn baba rẹ̀ wá láti Ṣáínà. Wọn ò fún un ní ipa ìyàwó náà nítorí pé òyìnbó ló ń ṣe ọkọ. Ipa àlè ni wọ́n fi lọ̀ ọ́, ó sì kọ̀. Bí iṣẹ́ Muni ṣe mọ́ tó nínú fíìmù yẹn, àga ẹlòmíràn ló jókòó lé. Ẹ̀bùn láti di ẹnikẹ́ni kò fún òṣèré láṣẹ láti gba ààyè ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ lójú.

Ọdún 1937 kan náà ni The Life of Emile Zola jáde, tó gba Oscar gẹ́gẹ́ bíi fíìmù tó dára jù lọ. Ìtàn òǹkọ̀wé Faransé ni, ẹni tó dìde gbèjà Alfred Dreyfus, ọ̀gágun tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀dàlẹ̀ èké kàn nítorí pé ó jẹ́ Júù. Síbẹ̀, bẹ́ ẹ bá wo fíìmù náà látòkè délẹ̀, ẹ ò ní í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe Dreyfus ní Júù. Orí ìwé kan péré ni ọ̀rọ̀ náà ti yọjú fìrí, ó sì ti kọjá. Hitler ti wà lórí oyè ní Jámánì láti 1933, Hollywood sì ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Joseph Schildkraut tó ṣe Dreyfus, tó sì gba Oscar lórí rẹ̀, Vienna ni wọ́n bí i sí. Muni tó ṣe Zola, Lemberg. Ọmọ Júù méjì láti inú ìjọba kan náà ń ṣe ìtàn ohun tí ojú Júù rí, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀. Ìgbà tí mo mọ èyí ni mo lóye ìdí tí ọ̀rọ̀ tí Muni sọ nínú fíìmù náà, níwájú ilé ẹjọ́, fi dún bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ara ń ta.

Juarez tẹ̀ lé e ní 1939. Wọ́n fi mékọ́ọ̀pù bò ó lójú dé ibi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè mira. Ó dà bí ère ààrẹ Mẹ́síkò ju ààrẹ fúnra rẹ̀ lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni òun àti Warner pínyà. Ó ti kọ̀ láti ṣe High Sierra. Humphrey Bogart ló gbà á ṣe, ibẹ̀ ni ògo Bogart sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Àwọn Júù tó ń gbé ní Lemberg ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì lé ní 100,000. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì fi máa kúrò níbẹ̀, àwọn tó ṣẹ́ kù kò tó nǹkan. Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún bàbá àti ìyá rẹ̀, àwọn tó gbọ́ Yiddish ìlú náà, wọ́n ti pa wọ́n. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1946, Muni bọ́ sórí ìtàgé ní New York nínú A Flag Is Born tí Ben Hecht kọ, láti kówó jọ fún àwọn Júù tó ń fẹ́ wọ Palẹ́sìtínì. Owó tó kéré jù tí òfin ẹgbẹ́ òṣèré gbà láàyè ni wọ́n san fún un. Ipa bàbá arúgbó tó yọ nínú àjálù náà, tó ń wá ọ̀nà ilé kiri, ló ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ayé kò tíì mọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú eré náà, Marlon Brando. Títí Brando fi darúgbó, ó ń sọ pé òun kò rí irú ohun tí Muni ṣe lórí ìtàgé yẹn rí. Lẹ́yìn tí Muni ti fi eré náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, wọ́n gbé e dé Baltimore lọ́dún 1947. Tíátà ibẹ̀ kì í jẹ́ kí adúláwọ̀ jókòó ti òyìnbó. Ẹgbẹ́ NAACP, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀, yarí, àwọn onígbọ̀wọ́ eré náà dúró tì wọ́n, ilẹ̀kùn sì ṣí: adúláwọ̀ jókòó síbi tó wù ú. Mo ka èyí sí ara ìtàn wa náà.

Ó ṣe Willy Loman nínú Death of a Salesman ní London lọ́dún 1949. Fíìmù kò yá a lára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 1955, ó bẹ̀rẹ̀ Inherit the Wind ní Broadway, eré tí wọ́n gbé ka ẹjọ́ olùkọ́ kan tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní Tennessee lọ́dún 1925 nítorí ẹ̀kọ́ Darwin nípa bí ẹ̀dá alààyè ṣe ń yí padà. Muni ló ṣe lọ́yà olùjẹ́jọ́, Henry Drummond. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ojú òsì rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Kókó ni dókítà bá níbẹ̀, wọ́n sì yọ ojú náà. Melvyn Douglas ló di ipa náà mú fún un. Gbogbo èèyàn rò pé ó parí. Kí ọdún náà tó pin, Muni ti padà sórí ìtàgé pẹ̀lú ojú kan. Lọ́dún 1956 wọ́n fún un ní Tony.

The Last Angry Man, ní 1959, ni fíìmù rẹ̀ ìkẹyìn. Dókítà arúgbó kan ní Brooklyn ló ṣe, Júù, tó ń tọ́jú mẹ̀kúnnù. Kò sí irùngbọ̀n, kò sí mékọ́ọ̀pù tó wúwo. Ìgbà tó ti di arúgbó lóòótọ́ ló tó gbé ojú arúgbó ara rẹ̀ wá síwájú kámẹ́rà. Wọ́n tún dárúkọ rẹ̀ fún Oscar. Ó kú ní California ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1967, Bella sì wà pẹ̀lú rẹ̀ títí dé òpin.

Nígbà tí mo lọ sí New York, mo lọ wo Second Avenue. Ilé tí wọ́n kọ́ fún ẹgbẹ́ Schwartz lọ́dún 1926 ṣì wà ní igun òpópónà kejìlá. Fíìmù ni wọ́n ń fi hàn níbẹ̀ báyìí. Mo bi àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bóyá wọ́n mọ ohun tí ilé náà jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn mọ̀.

Bogart ni Bogart nínú gbogbo fíìmù rẹ̀. John Wayne ni John Wayne. Aráyé ń rí ojú wọn léraléra, wọ́n ń rò pé àwọn mọ̀ wọ́n, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi gbàgbé wọn. Ta ni Muni? Ẹlẹ́wọ̀n ni, Pasteur ni, àgbẹ̀ ni, ọ̀daràn ni. Ó fara sin sẹ́yìn gbogbo wọn, aráyé sì rántí wọn, wọ́n gbàgbé ẹni tó gbé wọn rù. Ìlànà ìtàgé tó bí i nìyẹn: òṣèré kì í ta ojú ara rẹ̀, ẹni tí wọ́n rán an láti jẹ́ ló ń jẹ́. Hollywood ń ta ojú. Èmi mọ èyí tí mo kà sí iṣẹ́ ọnà nínú méjèèjì, n kò sì lọ́ tìkọ̀ láti sọ pé Muni ga ju ọ̀pọ̀ àwọn tí orúkọ wọn bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ.

Ilé Àkójọ Ìwé Ìjọba Amẹ́ríkà, Library of Congress, ti fi mẹ́ta nínú fíìmù rẹ̀ sínú àwọn tí wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú fún ìran tó ń bọ̀: Scarface, Zola àti I Am a Fugitive from a Chain Gang. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti Zola. Ẹ wá I Am a Fugitive, kò tó wákàtí méjì. Ẹ pe àwọn ọmọ yín tó ti dàgbà jókòó, ní pàtàkì èyí tó bá ń ṣe tíátà, kí ẹ sì jọ wò ó dé ìparí.